Ìyá Àgbà Dà Nínú Kàtúùnù Yìí? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Ṣe Ètò Ọmọdé

Sí Olùdarí Àgbà NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Sí ẹ̀yin alákòóso ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n LTV ní Ìkẹjà, OGTV ní Abẹ́òkúta, BCOS ní Ìbàdàn, OSBC ní Òṣogbo, OSRC ní Àkúrẹ́ àti BSES ní Adó-Èkìtì. Àti sí ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti òṣèré tí ẹ ń ṣe ètò ọmọdé.

 

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ọ̀kan lọ. Irú ilé kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ wa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n: bàbá kan, ìyá kan, ọmọ méjì, ọkọ̀ kan níwájú ilé. Ìyá àgbà kì í gbé ibẹ̀, àfi tó bá yà wá kí wọn. Àbúrò bàbá kì í sùn ní pálọ̀. Kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n mú wá láti Ìsẹ́yìn kó lè wá parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀. Kò sí ìyàwó kejì, kò sí ìyá tó ń dá tọ́mọ, kò sí bàbá tó wà ní Kánádà tí wọ́n ń rí nínú fóònù nìkan. Ọmọ tó bá ń wo irú ilé yìí tàárọ̀ talẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ilé tòun ni kò pé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ kí ẹ fòfin de kàtúùnù òyìnbó. Peppa Pig tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi hàn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà Peppa ní ilé tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ á wọkọ̀ lọ kí wọn, wọ́n á sì padà sílé. Bluey tó jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 2018, ìlú Brisbane ló ti wá, ìlú náà sì hàn lára gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Mo fẹ́ràn Bluey, mi ò ní purọ́. Bandit, bàbá inú rẹ̀, á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ káwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì máa gùn ún mọ́lẹ̀, á di aláìsàn fún wọn lónìí, á di ẹṣin lọ́la. Ọ̀pọ̀ bàbá ní àdúgbò wa ló yẹ kó wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. (Ajá ni o, ẹ má gbàgbé.) Àwọn tó ṣe é fi ojú ara wọn wo ilé ara wọn, wọ́n sì rí ohun tó dùn ún wò níbẹ̀. Ojú ta ni àwa fi ń wo tiwa?

Ní kíláàsì kẹrin tí mo ń kọ́, mo ní kí àwọn ọmọ ya àwòrán fámílì wọn. Mo mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé: Bẹẹrẹ, Òjé, Ọjà'ba. Ilé onírúùmù ni, kọ̀rídọ̀ kan gùn já ẹ̀yìn, àwọn ilẹ̀kùn kọjú síra wọn, àwọn ará ilé ju èèyàn ogún lọ. Àwòrán tí wọ́n yà kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òrùlé rẹ̀ ní igun mẹ́ta, òdòdó wà lójú fèrèsé, bàbá, ìyá, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, àti ajá. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ ló ti ń tọ́ ọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá yẹn ló ń gbé e wá sí ilé-ìwé nígbà tó ṣì kéré, òun náà ló ń wá sí ìpàdé òbí. Kò sí nínú àwòrán náà. Mo bi ọmọ náà pé ìyá àgbà dà. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mi ò gbọ́ ìbéèrè tí mo bi wọ́n. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní ká ya fámílì ni."

Mi ò bá a wí. Ibi tó ti kọ́ ọ ni mo ń kọ̀wé sí.

A máa ń sọ pé ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni méjì péré ló ń wò ó. Igba ènìyàn yẹn kò rójú ọ̀nà wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbé gbogbo rẹ̀ lé òyìnbó lórí. Láàárín kàtúùnù kan sí èkejì, ìpolówó ni: tíì oníṣokoléètì, mílíìkì, núdù. Ìlú Èkó ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ìpolówó wọ̀nyí, àwọn èèyàn wa ló sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, ilé kan náà ni. Ìyá ń gbé oúnjẹ wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wọ táì, kò fọwọ́ kan ìkòkò rí. Ọmọ méjì ń fò sókè. Bí ìyá àgbà bá yọjú, abúlé ló ti wá, bàtà rẹ̀ á sì ti lẹ́rùpẹ̀.

Àwọn eré àgbàlagbà wa tí ọmọdé ń wò ńkọ́? Papa Ajasco tí Wálé Adénúgà kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé àwòrán Ikebe Super ní ọdún 1976, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n nígbà tó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Orí pípá, ikùn ńlá, ojú sí obìnrin. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, ẹni tó bá sì ní kí n má rẹ́rìn-ín kò mọ eré. Àmọ́ ilé ibẹ̀ jẹ́ ilé tí ọkọ ń tan ìyàwó, tí ìyàwó ń ṣọ́ ọkọ. Ọmọ tó ń wò ó ní alẹ́ kò rí ilé mìíràn tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwa tí a fẹ́ràn àlọ́ náà ní ẹjọ́ tiwa. Mélòó nínú àlọ́ wa ni kò ní ìyàwó bàbá burúkú nínú? Ọmọ òrukàn fọ́ igbá, orogún ìyá rẹ̀ ní kó lọ wá irú rẹ̀ dé odò tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ọmọ náà dé pẹ̀lú ọrọ̀, orogún rán ọmọ tirẹ̀ lọ, ejò ló bá a bọ̀. Mo mọ̀ pé àlọ́ náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Agboolé ni. Bí ìyá àgbà ti ń pàlọ́ ìyàwó bàbá burúkú, ìyàwó bàbá gan-an jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń gbe orin àlọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ ìyáálé rẹ̀ ti ń tòògbé. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ rí obìnrin inú ìtàn, ó sì rí obìnrin inú ilé, ó mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹnìkan náà. Nígbà tí ẹ bá ya àlọ́ yẹn sínú fídíò, ẹ ti gba obìnrin tó ń bó ẹ̀gúsí kúrò níbẹ̀. Ẹni burúkú nìkan ló kù. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀, tí obìnrin náà ń dì í ní irun lálaalẹ́ Àìkú, á wá máa wojú rẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rántí Tales by Moonlight. Victoria Ezeokoli ló gbé e kalẹ̀ ní NTA ní ọdún 1984. Ìtàn inú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń mẹ́nu bà. Èmi, ìjókòó wọn ni mo rántí jù: àwọn ọmọ tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n yí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ká, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀, ó ń fún wọn lésì. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé pé ẹbí nìyẹn. Gbogbo wa tí a ń wò ó nílé ló mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú eré wa, ẹ̀fẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀. Á sọ Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ, á fọ́ àwo, á jí ẹran nínú ọbẹ̀, madam á fọ́ ọ létí, àwọn òǹwòran á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ rò pé ó ń wo ètò yín ní aago mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí àwọn òbí ṣì wà níbi iṣẹ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ ló tan tẹlifíṣọ̀n. Òun ló gbé ọmọ kékeré dání. Òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbá ẹni tó jọ ọ́ létí, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín lórí àga. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti ọdún 2003, ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Eré tí ẹ ń gbé jáde kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ àgbàtọ́ ni àwọn mìíràn: ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ọ̀rẹ́ tó ti kú, ọmọ pásítọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹun dáadáa, ó ń lọ sílé-ìwé, ó kàn jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí, ó máa ń wá ibi tí yóò dúró sí. Eré kan lè jáde lórí ibi tí yóò dúró sí nìkan.

Kò ṣòro láti ṣe. Lọ́dún 2024, Disney àti Kugali, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan dá sílẹ̀, gbé Iwájú jáde, kàtúùnù nípa Èkó ọjọ́ iwájú. Tọlá ń gbé pẹ̀lú Túndé, bàbá rẹ̀, nínú ilé ńlá. Kọ́lé tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn kì í ṣe apanilẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ Tọlá ni, ọpọlọ rẹ̀ pé, ìtàn náà kò sì lè rìn láìsí i. Ilé bàbá pẹ̀lú ọmọ kan, àti ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé wọn, ni wọ́n fi ṣe eré tí gbogbo ayé wò. Ó wá jẹ́ pé orí Disney+ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, níbi tí ọmọ Bẹẹrẹ kò lè dé.

Bino and Fino náà wà. Adamu Waziri ló ṣe é ní Àbújá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Bino àti Fino, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú bàbá àgbà àti ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Papa Papa àti Mama Mama. Ohun tí mo gbádùn jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé. Wọn kò fi ohùn arò sọ ibi tí bàbá àti ìyá wà. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ jí, ìyá àgbà ti wà ní kíṣìnnì. Bí mo bá ní agbára, mo lè máa fi hàn ní kíláàsì mi lójoojúmọ́ títí ọmọkùnrin tí ìyá àgbà ẹlẹ́kọ ń tọ́ yẹn yóò fi tún àwòrán rẹ̀ yà.

Àmọ́ kí ẹ má wá tìtorí lẹ́tà yìí sáré kọ eré nípa ìkọ̀sílẹ̀ lọ́la. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń ṣe Sesame Street, ètò ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1992, wọ́n ṣe eré kan nínú èyí tí bàbá àti ìyá Snuffleupagus, ẹranko ńlá onírun yẹn, kọ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n yà á tán, owó ti wọlẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ, wọ́n fi hàn wọ́n, wọ́n sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Jìnnìjìnnì ti bá àwọn ọmọ náà. Àwọn kan rò pé bàbá Snuffleupagus kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé bí bàbá àti ìyá bá ti ń bá ara wọn jiyàn lásán, ilé ti tú nìyẹn. Wọ́n gbé eré náà tì, wọn kò gbé e sáfẹ́fẹ́ bí wọ́n ti pinnu. Ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, nínú fídíò kékeré tí wọ́n ṣe fún àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn, níbi tí Abby Cadabby, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlangidi wọn, ti ń sọ nípa ilé rẹ̀ méjèèjì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ti Alex, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti dá Kami sílẹ̀ láti ọdún 2002, ọmọ òrukàn tó ní kòkòrò HIV, Kami yìí kan náà ló sì dé ọ̀dọ̀ wa nínú Sesame Square lórí NTA ní ọdún 2011.

Èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ ní owó tó tó tiwọn. Bíbi ọmọ léèrè kò náni ní nǹkan. Ẹ fi eré yín han ogún ọmọ kí ẹ tó gbé e sáfẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á pariwo. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn ní dálémoṣú, wọ́n á ní ẹ ń polówó ilé olórogún. Pásítọ̀ kan lè fi í wàásù. Ọmọ dálémoṣú tó wà ní kíláàsì mi ti mọ ibi tí ìyá òun ń gbé, kò dúró de tẹlifíṣọ̀n kó tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò tíì rí ni irú ilé rẹ̀ nínú eré tí kò sí dùùrù ẹkún lẹ́yìn. Ẹ wo bàbá tó wà ní Kánádà: aago mẹ́jọ alẹ́ ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, nẹ́tíwọ̀kì sì máa ń já gan-an nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti kọ orin tó kọ́ ní ilé-ìwé. Ẹ̀rín nìyẹn. Ẹ wo ọmọ ìyá méjì, bàbá kan, tí ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, tí bàbá ní kéèkì kan ṣoṣo lòun lè rà. Ẹ wo ìyá àgbà tí etí rẹ̀ kan ti di, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí kò yẹ kó gbọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ orí ẹja nínú ilé ènìyàn mẹ́sàn-án lè gbé odindi ètò kan. Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn sítúdíò yín lójoojúmọ́.

Owó wá ńkọ́? Mo mọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ní ètò ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín, kó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ fẹ́ ijó. Bẹ́ẹ̀ ni ètò ọmọdé ṣe wá di kí àwọn ilé-ìwé kó ọmọ wá sí sítúdíò, kí wọ́n kéwì, kí wọ́n jó sí orin àgbàlagbà, kí wọ́n kí ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí, kí wọ́n máa lọ. Òfin NBC ní ìdá 60 nínú 100 ètò tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ijó yìí náà wà nínú ìṣirò yẹn, ìwé yín á sì mọ́ tónítóní.

Olùdarí Àgbà, ẹ jẹ́ kí ìṣirò náà wo ètò ọmọdé lọ́tọ̀, kí ẹ sì béèrè eré, ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, yàtọ̀ sí ijó. Ẹ̀yin alákòóso, ẹ má gba owó àkókò lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé eré ọmọdé wá ní èdè Yorùbá. Kàtúùnù wọ́n, mo mọ̀. Àgbàlá kan, kámẹ́rà méjì àti àwọn ọmọ tó mọ eré ṣe kò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni sáà kan yín. Ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ni ẹ. Bí kálukú bá ṣe eré méjì, tí ẹ jọ ṣe ìkẹtàlá, tí ẹ sì pín in fún ara yín, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá á rí ilé Èkìtì, ilé Ìjẹ̀bú, ilé Ìlàjẹ lẹ́bàá omi, ilé Òkè-Ògùn, láàárín oṣù mẹ́ta. Ìbàdàn níbí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí wọ́n ń pè é ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Eré ọmọdé mẹ́tàlá kò yẹ kó ga jù fún wa.

Nígbà tí ẹ bá ya àkọ́kọ́ rẹ̀ tán, ẹ gbé e wá sí kíláàsì mi kí ẹ tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ló dára jù, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ rántí mú jẹnẹrétọ̀ wá. Àwọn ọmọ á sọ ojú abẹ níkòó fún yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Ìbàdàn.